Bí Salifou Ṣe Fún Ilé Rẹ̀ Ní Máàkì A

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Kí ni a ti mọ̀ nípa ooru? Ìwọ tó wà lẹ́yìn, dáhùn. "Ó máa ń mú wa." Ó dára, jókòó. Kí ló tún kù? Pé bí ilé onípáànù bá ní ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, tó sì ní èyí tó lè gbà jáde, ara á tu onílé. Ẹ ṣeun. Gbogbo ìlú Bantè wa ló mọ èyí, àfi ọkùnrin kan ṣoṣo. Òun nìkan ló sì ti dé Paris láàárín wa!

Salifou ni orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ Kader ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tó ti ń ròyìn rẹ̀. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, "Ní Paris, ilẹ̀ ò tíì mọ́." Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Paris ni Salifou ń wò kó tó sọ ohunkóhun.

Lọ́dún yìí, nígbà tí kajú ń pọ́n lórí igi, Roukayath ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí Savalou. Safourath ìyàwó rẹ̀ ní àfi kí àwọn kó lọ síbẹ̀. Wọ́n rí ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ náà, onílẹ̀ sì ní òun á fi dè wọ́n di ìparí oṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ta ilé Bantè kíákíá.

"Tà á bó ṣe wà," ni Safourath wí.

"Bó ṣe wà kẹ̀! Ní Paris, kí èèyàn tó ta ilé, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń jẹ iná jù. Èyí tí kì í jẹ iná, A ni wọ́n ń fún un. Èyí tó ń jẹ iná bí ẹni jẹ iyán, G ni tirẹ̀. Ilé tó bá gba A, owó gidi ni! Bí wọ́n sì ṣe ń gbà á ni pé wọ́n á dí gbogbo ihò."

"Bàbá Roukayath, kí ni wọ́n ń dí mọ́ ìta níbẹ̀?"

"Òtútù."

"Kí la wá fẹ́ dí mọ́ ìta níbí?"

Salifou ní ìbéèrè ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí nìyẹn.

Ló bá ránṣẹ́ pe Gédéon bíríkìlà. Ihò mẹ́rìnlélógún ló wà lókè ògiri, lábẹ́ páànù, Gédéon fúnra rẹ̀ ló sì fi wọ́n síbẹ̀ nígbà tó ń mọ ilé náà.

"Bàbá, ibi tí ilé yìí ń gbà mí nìyí o."

"Dí i."

Gédéon dí i. Bí wọ́n bá rán bíríkìlà níṣẹ́ wèrè, owó ọlọ́gbọ́n ni yóò gbà.

Salifou wá gé túùbù alùpùpù àtijọ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé po, kí afẹ́fẹ́ kankan má baà jò. Lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀dà pupa, ó kọ A gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìdánwò, tó máàkì í fúnra rẹ̀, tó tún wá gbé èsì rẹ̀ kọ́ ojú títì.

Ẹni tó wá wo ilé ni Àríyìkẹ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù lẹ́bàá ọjà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Aago méjì ọ̀sán ló dé.

"Màmá, ẹ wọlé! Ẹ ò ní ra fáànù láéláé. Ẹ̀rọ amúlétutù gan-an á tijú níbí."

"Èmi á máa ṣọ́ ìta," ni Safourath wí. Ó gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò.

Salifou pa ilẹ̀kùn dé, gbàà! Ó wá nàka sí ẹ̀rọ kékeré kan tó fi kọ́ ògiri, èyí tó ń wọn ooru, ẹrù Paris. "Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ̀rọ òyìnbó kì í purọ́."

Àríyìkẹ́ súnmọ́ ọn. "Méjìlélógójì."

Salifou wúkọ́. "Ìlú yìí ni kò tíì mọ́ ọn lára."

Ẹ jẹ́ ká ṣe olóòótọ́: iṣẹ́ Salifou kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Paris ni kí ooru má jáde. Ooru ò sì jáde! Òógùn ń ṣàn lára Àríyìkẹ́, gèlè rẹ̀ sì tú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú u.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Salifou fà á. Kò mira, fèrèsé náà kò sì mira. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù, túùbù sì ti lẹ̀ mọ́ férémù bí ẹ̀kọ mọ́ ewé.

"Ní Paris, ilẹ̀kùn máa ń le díẹ̀."

"Ṣé Paris la wà ni? Ẹ ṣílẹ̀kùn, Bàbá!"

"Ìyá Roukayath o! Wá bá wa tì í láti ìta!"

"Ṣé kò jò?" ni Safourath dáhùn lábẹ́ igi.

"Kò jò rárá!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ṣùgbọ́n Safourath ń ro ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Savalou. Ó dìde, ó tì í títí, ilẹ̀kùn ò gbọ́. Ló bá ní kí ọlọ́kọ̀ sémíjàn kan, àwọn tó ń fi alùpùpù kérò, sáré gbé Gédéon wá láti Lougba, níbi tó ti ń mọlé. Ogójì ìṣẹ́jú! Nígbà tí Gédéon dé, ó wo ilẹ̀kùn, ó mi orí, ó gbé àkàbà.

"Ẹ sún sẹ́yìn!" Gbì! Ihò kan là. Gbì! Ìkejì là lápá kejì. Atẹ́gùn wọlé. Àríyìkẹ́ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Irú èyí mélòó ló wà?"

"Mẹ́rìnlélógún, Màmá," ni Gédéon dáhùn láti ojú ihò.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ilé gidi nìyí. N ó rà á."

Gédéon sọ̀ kalẹ̀, ó fi irin yọ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣubú sínú eruku tòun ti A rẹ̀, ó dojú délẹ̀. Salifou kò wo ibẹ̀. Ó to agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Mo ti sọ fún yín! Ilé oní-A ni. Ó yẹ ká fi nǹkan lé owó rẹ̀, bíi ti Paris."

Àríyìkẹ́ nu ojú. "Bàbá, iye tí ẹ máa pè é kí ẹ tó lọ sí Paris ni n ó san. Ihò méjìlélógún ló sì kù. Ẹ̀yin lẹ ó sanwó ẹni tó máa là wọ́n."

Safourath ló fèsì kí Salifou tó la ẹnu: "A gbà!"

Ẹ̀kọ́ tán, ó ku iṣẹ́ ilé. Lọ́sàn-án ọ̀la, dúró láàárín ilé rẹ, ti ọwọ́ bọ omi, kí o nà án sí ojú fèrèsé àti ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú ọwọ́ rẹ tutù, má fi ọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ṣe nǹkan kan, pe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀, jọ̀wọ́, fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.