Bàbá Tó Kú Dáadáa Lédè Faransé

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni àsansílẹ̀ tí bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Máfowóṣòfò kà lé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ èdè Faransé ni ìyàwó náà. Iṣẹ́ tó gbà ni pé kó kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù bàbá, nítorí oníbàárà kan tó ń sọ Faransé fẹ́ ra gbogbo àwo fíìmù náà bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá lè ka ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Páálí àwo kún yàrá ìgbàlejò débi pé orí páálí ni àwọn méjèèjì jókòó sí, kọ̀ǹpútà sì wà lórí páálí kẹta.

ÒGBUFỌ̀: Ẹ kúùrọ̀lẹ́, bàbá wa. Mo ti wo fíìmù yín dé òpin.

BÀBÁ: O ṣé, ìyàwó wa. Ìwọ ni ẹnì kejì.

ÒGBUFỌ̀: Ta lẹni àkọ́kọ́?

BÀBÁ: Ẹni tó bá mi to àwòrán rẹ̀ pọ̀. Òun náà gbowó kó tó wò ó dópin.

ÒGBUFỌ̀: Ẹ rántí pé ìlà ìlà la dá owó iṣẹ́ yìí. Ibi tí àwọn àna ti ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yìí, ìlà mọ́kàndínlógún ni.

BÀBÁ: Kíkí lásán? Kọ “Ẹ ǹ lẹ́” síbẹ̀, ó tán.

ÒGBUFỌ̀: Ẹnu wọn ò dúró, bàbá wa. Wọ́n kí bàbá, wọ́n kí ìyá, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi ara wọn bí wọ́n ṣe sùn. Ẹni tó ń kà á máa rí “Ẹ ǹ lẹ́” kan ṣoṣo, á wá máa wo ẹnu àgbàlagbà méjì tó ń lọ tó ń bọ̀.

BÀBÁ: Kó rò pé wọ́n ń jẹ nǹkan. Àlejò kì í dé kó má rí nǹkan fi panu.

(Ògbufọ̀ tẹ kọ̀ǹpútà. Dókítà kan yọ nínú aṣọ funfun, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kan mú, ojú rẹ̀ le koko.)

ÒGBUFỌ̀: Dókítà yìí ńkọ́, kí ló ń sọ?

BÀBÁ: Àbájáde àyẹ̀wò bàbá ọmọ náà ló ń sọ fún un.

ÒGBUFỌ̀: Mo gbọ́ ọ ketekete. “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin” ló ń sọ. Ó kà á dé ogún, ọmọ náà bú sẹ́kún.

BÀBÁ: Télọ̀ tó rán aṣọ dókítà ni. Tí mo bá gba òṣèré, màá san tirẹ̀, màá tún san ti télọ̀. Mo ní kí télọ̀ kúkú wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀, mo ní kó máa ka ení, èjì lọ, pé tó bá yá, a ó fi ohùn ẹlòmíì sí i.

ÒGBUFỌ̀: Ìgbà wo ló wá yá?

BÀBÁ: Kò yá.

ÒGBUFỌ̀: Àwọn tó rà á níbí ò bi yín pé kí ni dókítà ń kà?

BÀBÁ: Wọ́n rò pé owó ilé ìwòsàn ló ń kà, pé òun ló pa ọmọ lẹ́kún. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ló jọ òótọ́ nínú fíìmù náà.

(Àwòrán yí padà. Arúgbó kan nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ tì í.)

ÒGBUFỌ̀: Bàbá tó ń kú lọ yìí wá ńkọ́?

BÀBÁ: Èmi ni.

ÒGBUFỌ̀: Mo dá yín mọ̀.

BÀBÁ: Mo wo gbogbo òṣèré tó wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó dínwó tó mi. Ọ̀fẹ́ ni mo gba ara mi. Ìgbà tí mo wò ó tán ni mo rí i pé mo ti wọ́n jù.

ÒGBUFỌ̀: Ọmọ yín ní, “Bàbá mi, ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ bá mi sọ kẹ́ ẹ tó lọ?” Ẹ wá dá a lóhùn pé, “Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Epo ta lẹ rò pé ó ń mu?”

BÀBÁ: Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.

ÒGBUFỌ̀: Ẹ tún ní, “Ta ló jẹ ẹran inú abọ́ mi? Mo mọ iye tí mo fi síbẹ̀.” Ẹ wá kú.

BÀBÁ: Ẹran yẹn dùn mí.

ÒGBUFỌ̀: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní kí wọ́n gé e kúrò?

BÀBÁ: Wákàtí wákàtí ni oníkámẹ́rà ń gbowó. Ohun tí mo ti sanwó rẹ̀, mi ò lè jù ú nù. Mo fi fèrè bò ó.

ÒGBUFỌ̀: Fèrè ò bo ẹran, bàbá wa.

(Bàbá dìde, ó fẹ́ rìn káàkiri láàárín páálí, kò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí, ó tún padà jókòó.)

BÀBÁ: Ìyàwó wa, jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún ẹ. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi dúró kí n tó rówó tẹ àwo wọ̀nyí. Àwọn tó ń bá mi tà á níbí ti kó o padà wálé. Bí oníbàárà yìí ò bá kó o, ọ̀la ni ẹni tó yá mi lówó máa wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo ti kú yìí ni oníbàárà náà sì ní ká fi ránṣẹ́ wá kí ilẹ̀ tó ṣú, kóun fi mọ̀ bóyá òun máa rà.

ÒGBUFỌ̀: Tí mo bá kọ ohun tẹ́ ẹ sọ, kọ́kọ́rọ́ ti lọ nìyẹn.

(Bàbá fọwọ́ lérán, ó ronú.)

BÀBÁ: Oníbàárà yẹn, ṣé ó gbọ́ Yorùbá?

ÒGBUFỌ̀: Kò gbọ́ “wá”, kò gbọ́ “lọ”.

BÀBÁ: Àwọn tó fẹ́ tà á fún ńkọ́?

ÒGBUFỌ̀: Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí ni wọ́n fẹ́ ka ìsàlẹ̀ fún?

BÀBÁ: Ta wá ni ohun tí mo sọ kàn? Kọ ohun tó yẹ kí n sọ.

ÒGBUFỌ̀: Ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀ mọ́. Fíìmù tuntun lẹ ní kí n ṣe yẹn. Ìlọ́po méjì lowó rẹ̀.

BÀBÁ: Torí pé ẹbí ni ẹ́ ni mo ṣe gbé e wá bá ẹ.

ÒGBUFỌ̀: Torí pé ẹbí ni wá náà ni mi ò ṣe gbowó wíwò.

(Bàbá mí kanlẹ̀, ó mi orí pé kó máa bá a lọ. Ògbufọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó tún tẹ̀. Bàbá na ọrùn wò ó, kò mọ ohun tó ń wò.)

BÀBÁ: Sọ ọ́ fún mi lédè wa.

ÒGBUFỌ̀: “Ọmọ mi, ilẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ ò tó bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo tà lára rẹ̀ lọ́dún tó o wọ ilé ìwé. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹ ni, kó o má baà máa rò pé o ná mi lówó.”

(Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà.)

BÀBÁ: Ta ló sọ ìyẹn?

ÒGBUFỌ̀: Ẹ̀yin ni.

BÀBÁ: Mo gbìyànjú. Kí lọ́mọ náà fi dá mi lóhùn?

ÒGBUFỌ̀: Nínú fíìmù, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ṣé kí n máa sunkún báyìí?”

BÀBÁ: Fi ìyẹn sílẹ̀. Nísàlẹ̀ ńkọ́?

ÒGBUFỌ̀: “Bàbá mi, ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Èmi náà ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ni, kó má baà dùn yín.”

(Bàbá fi etí ẹ̀wù nu ojú.)

BÀBÁ: Irú kí lèyí? Èmi ni òkú, èmi náà ni ẹlẹ́kún.

ÒGBUFỌ̀: Ọ̀rọ̀ yín tán níbẹ̀. Ẹ máa kú báyìí.

BÀBÁ: Ṣé ẹnu mi ti dákẹ́ nínú àwòrán ni?

ÒGBUFỌ̀: Rárá, ẹ ṣì wà lórí ẹran yẹn.

BÀBÁ: Kí lo wá ń kánjú pa mí sí? Fún mi ní ìlà kan sí i.

ÒGBUFỌ̀: Ìlọ́po méjì o, bàbá wa.

BÀBÁ: Fún mi ní mẹ́rin.

ÒGBUFỌ̀: Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà á bo àwòrán dé àyà yín.

BÀBÁ: Kó bò mí dé imú. Ohun tí mò ń sọ dára ju ojú mi lọ. Dókítà wá ńkọ́?

ÒGBUFỌ̀: Ó ní àwọn ti ṣe ìwọ̀n tágbára àwọn mọ. Ó ní kó máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, pé etí ló máa ń gbẹ̀yìn lára ẹni tó ń lọ.

BÀBÁ: Télọ̀ yẹn gbọ́n. Ọdún tá a ti mọra, kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Àwọn àna ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Dá gbogbo kíkí wọn padà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo èèyàn mi bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

(Wọ́n fi apá tí bàbá ti kú ránṣẹ́ sí oníbàárà. Nígbà tó ṣe, fóònù dún. Ògbufọ̀ gbé e, ó sọ Faransé díẹ̀, ó gbọ́ púpọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù.)

BÀBÁ: Kí ló wí?

ÒGBUFỌ̀: Ó ń sunkún.

BÀBÁ: Torí owó, àbí torí fíìmù?

ÒGBUFỌ̀: Ó ní bàbá yẹn jọ bàbá òun. Ó ń kó gbogbo páálí, ó ti fi owó ránṣẹ́.

(Bàbá gbé orí lé páálí tó wà níwájú rẹ̀, ó mí.)

BÀBÁ: Ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀.

ÒGBUFỌ̀: Ó béèrè nǹkan kan. Òṣèré tó ṣe bàbá yẹn, èló ló ń gbà? Òun fẹ́ fi ṣe fíìmù òun tó ń bọ̀.

BÀBÁ: Sọ fún un pé ó ti kú. Ṣebí ó rí i fúnra rẹ̀.

(Ògbufọ̀ parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó ka gbogbo owó tó kù lé e lọ́wọ́, ó sì fi ìlọ́po rẹ̀ sí i láìbínú.)

ÒGBUFỌ̀: Ẹ ṣé, bàbá wa. Ó pé. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

BÀBÁ: Má tíì dìde. Mo fẹ́ tẹ àwo míì, èyí tá a máa tà níbí. Bá mi kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ tiẹ̀ náà.

ÒGBUFỌ̀: Lédè wo?

BÀBÁ: Yorùbá.

(Ògbufọ̀ wo bàbá, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo bàbá.)

ÒGBUFỌ̀: Bàbá wa, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀.

BÀBÁ: Ta ló sọ fún ẹ? Yorùbá ni gbogbo àwọn tó dá a padà, wọ́n sì ní àwọn ò gbọ́ èdè náà.