Alàgbà Akínlọ́lá Ń Tọ́ Alùpùpù

Lọ́dún 2008, nígbà tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, Ẹkúndayọ̀ ra alùpùpù kékeré kan, pupa fòò, irú èyí tí wọ́n ń jókòó lé bí ẹni jókòó sórí àga. Nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe láti ìgbà tó ti gbéyàwó; Oyinkán ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pàdé. Bí ìyẹn bá ń sọ pé "Káàárọ̀," òun á máa sọ pé "Ó dàárọ̀." Ọ̀sán ọjọ́ kejì tó rà á, ọjọ́ Ẹtì, ni Anna, ọ̀gá wọn nílé ìwòsàn, fẹ́ fa iṣẹ́ ọ̀sán kan lé ẹnìkan lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sí nípàdé ní agogo mẹ́ta, kó gbàgbé ẹ̀.

Ẹkúndayọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́, ó ki orí bọ àṣíborí. Àṣíborí kéré. Orí wọlé tán, ó kọ̀, kò jáde mọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ń dún bákan náà létí rẹ̀: kò sí ohùn òkè, kò sí ohùn ìsàlẹ̀.

Bó ṣe ti alùpùpù dé iwájú ilé wọn ní Lanham, lókè òkun, ó pàdé Alàgbà Akínlọ́lá, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ ẹni iyì ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kò sí ohun tí bàbá yìí kò mọ̀, tàbí ká kúkú sọ pé kò sí ohun tó gbà pé òun kò mọ̀.

"Ṣé o ti ń gùn ún kiri ni?"

"Mi ò gún un o, sà! Kí ni màá fi gún un?"

"Gùn ún, mo ní! Gígùn!"

"Ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, sà, àmọ́ ibi tí mo ń gbé e sí gbà á."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó fi ìka kan àṣíborí náà, kó-kó-kó. "Bọ́ nǹkan yìí kúrò lórí!"

"Kò bọ́, sà. Mo ti fi òróró pa á, mo ti gbàdúrà sí i."

"Ó dáa. Gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣe ohun tí à ń fi sáré. Àwọn irin inú ẹ̀ ò tíì mọ ara wọn. Ńṣe la máa ń tọ́ ọ!"

Ẹkúndayọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí n tọ̀ sí i? Ní gbangba níbí? Ọlọ́pàá á gbé mi, sà!"

"Tọ́ ọ! Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ!"

"Ọmọ ló ń tọ̀ kiri, sà. Èmi ti dàgbà."

"Olúwa, fún mi ní sùúrù. Mo ní a fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọ̀!"

"Kó rọ? Kó di arọ?" Ẹkúndayọ̀ fi ara bo alùpùpù. "Kí ni mo fi ṣe yín, Bàbá? Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e délé!"

"Kó rọ̀! Rọ̀, bí ẹ̀kọ!"

"Ẹ̀kọ́ kì í rọ̀, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì kí n tó yege."

Ẹkúndayọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo ní ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

"Kí o lọ ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́? Tan án, jẹ́ n gbọ́ ọ."

Ó tan án. Alàgbà dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì náà bíi dókítà. "Háà. Ó ń kérora. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà nítòsí." Kí Ẹkúndayọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá ti gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó ti di í mú níbàdí. Táyà ẹ̀yìn mí hìn-ín.

"Ó yá, máa wà á lọ."

"Ta ni kí n máa wá lọ, sà?"

"Wà á! Àmọ́ má fún un níná!"

"Kò sí ìṣáná lọ́wọ́ mi rárá, sà."

Wọ́n gbéra. Wọ́n ń yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká, alùpùpù ń dún pọ̀-pọ̀-pọ̀, ẹnu Alàgbà lẹ̀ mọ́ àṣíborí.

"Dín in kù."

"Mo ti dín in kù, sà."

"Tún dín in kù."

Pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn kan jáde láti inú koríko, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ó bá wọn rìn díẹ̀, ó wò wọ́n, ó sì kọjá wọn.

"Bàbá, pẹ́pẹ́yẹ ti yà wá sílẹ̀."

"Jẹ́ kó lọ. Ta ló mọ ìgbà tó ti wà lójú títì? Tiẹ̀ ti rọ̀."

"Títí dìgbà wo la máa wà á báyìí, sà?"

"Títí yìnyín á fi bọ́."

"Yìnyín! Bàbá, agogo mẹ́ta ni ìpàdé mi!"

"Ti ọjọ́ wo?"

"Tòní!"

Alàgbà bọ́ sílẹ̀ kíá. "O ò wá sọ̀rọ̀! O wá dúró, ò ń fi alùpùpù ṣeré! Ó yá, bọ́ sínú ọkọ̀ mi."

"Ọkọ yín kẹ̀? Bàbá, ẹ̀yin gan-an lọkọ."

"Mọ́tò! Mọ́tò mi!"

Mọ́tò Alàgbà ń dán gbinrin, ọ̀rá ṣì wà lórí àwọn ìjókòó ẹ̀. Wọ́n bọ́ sí Annapolis Road, àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn sì ń fun fèrè bí ẹni ń sin ìyàwó.

"Ẹ tẹ iná díẹ̀, sà."

"Tẹ kí ni? Ọdún keje ẹ̀ rèé. Ó kù díẹ̀ kó rọ̀."

Òrùlé ilé ìwòsàn yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹkúndayọ̀ rántí Oyinkán lẹ́nu ọ̀nà, báàgì léjìká, oorun lójú. Ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti bá a jẹun alẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sí ìdí láti dá mọ́tò dúró. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ ni, ó rìn kọjá mọ́tò, ó wá ki eré mọ́lẹ̀.

Alàgbà yọrí lójú fèrèsé. "Dayọ̀! Má sáré bẹ́ẹ̀! Bàtà yẹn tuntun ni!"

Anna ti fẹ́ pe orúkọ ẹlòmíràn nígbà tí àṣíborí kan já wọlé. Kò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó ka orúkọ tó wà láyà aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì fa iṣẹ́ ọ̀sán lé e lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná yọ orí ẹ̀. Etí ẹ̀ là gbàù. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni fèrè mọ́tò nísàlẹ̀: Alàgbà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà wọ ẹnu géètì.

Ẹkúndayọ̀ ṣí fèrèsé. "Bàbá! Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ ọ̀sán! Ọjọ́ Ajé ni màá bẹ̀rẹ̀!"

Alàgbà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló dé etí Ẹkúndayọ̀, tòkè tìsàlẹ̀.

"Iṣẹ́ tuntun? A dúpẹ́! Àmọ́ rọra o, ọmọ mi! Lóṣù àkọ́kọ́, má fi gbogbo agbára ṣe é!"