Olúkọ́lá Kò Ra Ohun Tó Dín

Ara Olúkọ́lá le, kò sí ibì kan tó ń dùn ún. Ẹnu nìkan ni àìsàn rẹ̀ wà. Ẹ dárúkọ ràkúnmí, ó ti gùn ún. Ẹ dárúkọ bàálù, díẹ̀ ló kù kó wà á. Bẹ́ẹ̀, Dilimi níbí ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè tó ti Iléṣà wá, bí i sí, ìgbà tí ọmọ náà sì sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè Jos yìí kò pé mẹ́ta.

Ìgbà tí Harold dé ni ẹnu náà wá rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ọmọ Berom ni Harold, àwọn onílẹ̀ Jos níbí. Ogún ọdún ló fi ń wọ abẹ́ òkun tún páìpù epo ṣe, Apápá ló sì ti kọ́ Yorùbá tó ń sọ bí ẹni tí wọ́n bí sí Múṣin. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ kó èèyàn díẹ̀ lọ wo abẹ́ òkun ní erékùṣù São Tomé lásìkò Àjíǹde, fún ìgbádùn lásán. Àyè ti kún, ó ku ẹyọ kan. Olúkọ́lá fẹ́ ẹ. Tẹjú tó ń ta gáàsì ìdáná ní Angwan Rogo náà fẹ́ ẹ. Harold ní kí àwọn méjèèjì wá sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Rayfield lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá lè jókòó sísàlẹ̀ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ni àyè náà.

Olúkọ́lá kò dúró de Sátidé. Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú rẹ̀, ó ti kéde fún ẹgbẹ́ akọrin pé òun ń lọ sí abẹ́ òkun, kí kálukú sọ irú ẹja tó ń fẹ́.

Ó wá ku régúlétọ̀, ohun tó ń gba afẹ́fẹ́ láti inú sìlíńdà ẹ̀yìn èèyàn, tó ń bù ú sí i lẹ́nu bó ṣe ń mí. Kálukú ló máa ra tirẹ̀. Harold fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé oríṣi méjì ló wà. Wọ́n á yí ọ̀kan wọ inú ẹnu sìlíńdà bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Dín lorúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Èkejì á gbá ẹnu sìlíńdà mọ́ra láti ìta bí ẹni gbá ọrùn ewúrẹ́ mú. Yòókù ni wọ́n ń pè é. Ó ní dín nìkan ló bá sìlíńdà òun mu. Tẹjú kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Olúkọ́lá ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú sìlíńdà.

Ó tẹ Jemima láago, obìnrin tó ń ta nǹkan náà ní Èkó. Ó rí i dájú pé gbogbo ẹni tó wà nítòsí ń gbọ́.

“Bọ̀dá, ṣé dín lẹ fẹ́ àbí yòókù?”

“Ẹ̀yin ará Èkó yìí náà. Torí pé Jos ni mo ti ń pè lẹ ṣe fẹ́ fún mi ní èyí tó dín? A kì í ra ohun tó dín nílé wa.”

“Yòókù nìyẹn, sà?”

“Yòókù náà, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀.”

Jemima tún bi í bóyá omi tútù ló fẹ́ lò ó fún. Olúkọ́lá rántí ọyẹ́ Jos, ó rántí bí ètè rẹ̀ ṣe ń bẹ́ láàárọ̀, ó ní òtútù tó ń géni jẹ ni.

Nígbà tí ẹrù dé, Tẹjú yọjú wò ó. Ó ní, “Bọ̀dá Kọ́lá, mo ń de régúlétọ̀ gáàsì mọ́ sìlíńdà lójoojúmọ́. Ẹ má wo dídán ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.” Olúkọ́lá dá a lóhùn pé ẹni tó ń bá àwọn tó ń se ẹ̀wà ṣòwò kò lè kọ́ ará òkun níṣẹ́.

Sátidé pé. Harold wo inú páálí, ó wo ojú ẹni tó ni ín. Ó ní èyí tí wọ́n fi ń wọ abẹ́ yìnyín rèé, bẹ́ẹ̀ òkun tí àwọn ń lọ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló. Olúkọ́lá ní òun mọ̀, òun ò kàn fẹ́ làágùn lábẹ́ omi ni.

Ó kan dídè. Ó yí i, kò wọlé. Ó tì í, kò dúró. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn tó ṣe sìlíńdà ni kò ṣe é dáadáa.

“Haba, Kọ́lá,” ni Harold wí. “Dín ni mo ní kẹ́ ẹ rà.”

“Wọ́n fi dín lọ̀ mí, Ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n gbé e padà, kí wọ́n fún mi ní èyí tó pé.”

Tẹjú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olúkọ́lá wà lọ́jà, orí tirẹ̀ gan-an ló wọ́.

Tẹjú nu ojú, ó yí tirẹ̀ wọlé, ó gbé etí sí i bóyá afẹ́fẹ́ ń jò, ó sì wọ omi lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ìfóófòó rẹ̀ ṣì ń hó jẹ́jẹ́ lójú omi.

Àánú Olúkọ́lá ṣe Harold, ó yá a ní ògbólógbòó régúlétọ̀ tirẹ̀. Ibi tí omi ti mọ ọ́n láyà ni wọ́n dúró sí. Harold fà á sísàlẹ̀. Olúkọ́lá mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó rí i pé òun kò kú, ó la ẹnu láti sọ fún Harold pé ó ti mọ́ òun lára tipẹ́. Régúlétọ̀ jáde, omi wọlé. Wọ́n ní omi tí èèyàn á mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Èyí tí Olúkọ́lá kò fẹ́ mu gan-an ni kò ṣàn kọjá. Ó gun Harold bí ẹni ń gun àkàbà, ó ń ké pé òun ń rì, bẹ́ẹ̀ tó bá dìde dúró lásán, omi kò ní dé ejìká rẹ̀.

Àyè di ti Tẹjú. Olúkọ́lá rántí ẹgbẹ́ akọrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Harold ronú díẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ pé dandan ni kó bá àwọn lọ, àwọn ṣì nílò ẹni tí yóò jókòó ti bàtà létíkun.

Harold àti Tẹjú dúró kó bínú. Olúkọ́lá fun omi kúrò ní imú, ó wo ẹ̀yìn wò, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọ̀gá, etíkun tí ẹ wí yẹn, báwo ló ṣe jìnnà sí omi tó?”