Bàbá Wolé-wolé Kò Kú, Ọkọ̀ Ló Fẹ́ Tà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń sùn, kí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ gbún un ní ìgúnpá. Ẹni tó ń tẹ fóònù, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Gbójú sókè!

Èmi Láwọyin, akéde ìlú, ni mo ń sọ̀rọ̀. Kábíyèsí, Ọlọ́pọ̀tọ́ ti Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ló ní kí n kí yín. Ó tún ní bí mo bá kí yín tán, kí n bá yín wí. Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ò tiẹ̀ nítìjú!

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ Bàbá Ọdúntán Ajíṣebútú, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ẹjọ́ àtijọ́. Ẹ mọ ọkọ̀ rẹ̀ náà. Ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, ọkọ̀ tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Láyé ọjọ́un, bí ìró rẹ̀ bá dún nísàlẹ̀ ìlú, àwọn ìyá yín á ti máa sáré fọ ìkòkò omi lókè. Ní báyìí, orúnkún ń dun Bàbá, kò lè wa ọkọ̀ jìnnà mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Ó ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún ẹni tó máa wà á, kì í ṣe ẹni tó máa tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ya fọ́tò, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lábẹ́, ó sì gbé e sórí Wọ́sáàpù ìlú.

Àṣìṣe Bàbá nìyẹn. Ó rò pé èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe o! Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe!

Ràímì tó ń tún fóònù ṣe yọ nọ́ńbà Bàbá kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i. Ẹnìkan tí a ò tíì mọ̀ fi kún un pé ọkọ̀ náà kì í mu epo, omi òjò ló ń mu. Ẹlòmíì ní ó ti lọ Mẹ́kà dé. Nígbà tí ìpolówó náà fi máa dé ọ̀dọ̀ Foyèké ọmọ Pásítọ̀, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti gùn bí ìwàásù bàbá ẹ̀. Foyèké gé ọ̀rọ̀ náà sọnù. Ó wá ku fọ́tò nìkan: Bàbá nínú léèsì funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Foyèké fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé sí i lábẹ́. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ṣọwọ́.

Ará ìlú mi! Fọ́tò àgbàlagbà. Léèsì funfun. Àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ta ni ò mọ ohun tó kàn?

Kó tó di ọ̀sán, ẹ ti pa Bàbá. Ẹ ní sùn re o. Ẹ ní ó dàárọ̀. Ẹ ní erin wó. Àwọn tí wọn ò kí i láàárọ̀ rí ní bàbá àwọn ni. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti ń to àga sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ sì ń béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà.

Ibi tó dùn mí nìyí o. Arábìnrin kan wà ní Ìlọrin, Ṣidikátù lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn ọmọ. Ó ti rí ìpolówó náà kí ẹ tó bà á jẹ́, ó sì dìde, ó ń bọ̀ wá rà á. Ó dé, ó bá èrò. Ó bá Bàbá lórí àga, ó rò pé àbúrò olóògbé ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní a kú ara fẹ́ra kù. Etí Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, ó ní àmín. Arábìnrin nu ojú nù, ó padà sí Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n wá pè é pé olóògbé wà láàyè, pé ó ṣì ń ta ọkọ̀, ó ní gbájúẹ̀ ni gbogbo wa, òun kì í bá òkú nájà.

Orúkọ ìlú yín nìyẹn ní Ìlọrin o! Kábíyèsí bínú. Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìíní! Ọkọ̀ tí kì í bá ṣe tìẹ, ìpolówó rẹ̀ kì í ṣe tìẹ. Kó o tó fi ṣọwọ́, béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Bí kò bá gbé ìpè, má fi ṣọwọ́. Bó bá ń sùn, jẹ́ kó jí. Mo tún un sọ: jẹ́ kó jí!

Àṣẹ kejì! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ nọ́ńbà ọlọ́jà kúrò lára ọjà rẹ̀. Ràímì, mo ń wò ọ́. Má sá sẹ́yìn ìyàwó rẹ.

Àṣẹ kẹta! Bí ọlọ́kọ̀ bá kọ ọ́ pé ó dípẹtà, ẹ jẹ́ kó dípẹtà. Ọkọ̀ tí kò kọjá Ìwó rí, ẹ má gbé e lọ Mẹ́kà mọ́.

Àṣẹ kẹrin! Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń kọ yẹn, pé bí ẹ ṣe gbà á lẹ ṣe fi ránṣẹ́, kò gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n rán yín!

Àṣẹ karùn-ún! Ẹni tó bá rí fọ́tò àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kẹ́dùn títí tó fi máa pe ilé wọn. Bí wọ́n bá gbé ìpè, kó kí wọn. Bó bá jẹ́ pé àgbàlagbà náà gan-an ló gbé e, kó bẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ méjì kì í ṣe ikú. Àtẹ́lẹwọ́ méjì kì í ṣe ikú o!

Àṣẹ kẹfà wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjòyè tó kọ ọ́ ò ṣeé kà. Ẹ ṣáà má rú u.

Ìjìyà wá rèé. Ìjàpá Bàbá kì í dá dìde, títì ni wọ́n máa ń tì í kó tó sítáàtì. Ẹni tó bá rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan, á wá tì í láti ẹnu ọ̀nà Bàbá dé orí òkè, kò sì gbọdọ̀ ya ara rẹ̀ ní fọ́tò níbi tó ti ń tì í. Ẹni tó bá rú u lẹ́ẹ̀kejì, á jókòó gbọ́ ìtàn bí Bàbá ṣe ra ọkọ̀ náà, àti ìtàn táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rú u lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá á gba fóònù rẹ̀, á yẹ inú rẹ̀ wò bó ṣe ń yẹ ìkòkò omi ìyá rẹ̀ wò láyé ọjọ́un. Bó bá bá tanwíjí níbẹ̀, á dà á nù. Kò sí ẹ̀bẹ̀!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ má tíì lọ o!

Ìgbìmọ̀ jókòó láàfin láti wádìí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé sùn re o. Wọ́n ti rí i. Wọ́n ní kí n rọra sọ ibi yìí, nítorí náà ẹ sún mọ́ mi. Fóònù tó kọ́kọ́ kọ ọ́, inú ààfin ni wọ́n ti ń ṣáájì rẹ̀. Ẹni tó ni ín ń dé adé. Ẹnu mi ò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìjòyè ní ọba kì í ti ọkọ̀, pé èèwọ̀ ni. Wọ́n wá èèwọ̀ náà nínú ìtàn ìlú, wọn ò rí i, wọ́n bá dá a sílẹ̀ lánàá. Kábíyèsí gbà fún wọn. Ó ní kàkà kí òun tì í, òun á ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí Bàbá. Èmi ni wọ́n rán.

Ẹ wá gbọ́ èsì Bàbá. Mi ò ní lu agogo sí èyí.

Bàbá ní òun ò bínú pé ẹ ní òun kú. Ó ní ó ti pẹ́ tí ilé òun ti kún bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá wo ojú mi. "Láwọyin, kò sílé tí mi ò wọ̀ rí nílùú yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ pé mo kú lẹ tó wọ tèmi. Bí ẹ sì ṣe rí i pé mi ò kú, ẹ kó àga yín lọ."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Kábíyèsí bí Bàbá ṣe rán mi. Mi ò gé e, mi ò sì fi nǹkan kan kún un. Kábíyèsí bọ́ bàtà ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni láàfin ní bàtà tí èèyàn lè fi ti ọkọ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọ̀la ni Kábíyèsí máa ti ọkọ̀ náà. Wọ́n ti bẹ arábìnrin Ṣidikátù títí, ó ti gbà láti tún wá. Ó ní òun ò ní wọ ilé òkú lẹ́ẹ̀kejì, orí òkè lòun máa dúró sí. Bí òun bá rí Bàbá tó ń wa ìjàpá náà bọ̀ fúnra rẹ̀, òun á gbà pé ó wà láàyè, òun á sì rà á. Òkè yẹn ga. Ọba nìkan ò lè ti ọkọ̀ gùn ún.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kéde tán, mo máa ń ní kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Lónìí, mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ṣọwọ́. Ẹ fẹsẹ̀ yín rìn wá.

Ẹ sì gbé àga yín dání. Bí ìjàpá bá ti bá Ṣidikátù lọ, àgbàlá Bàbá á ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má kó àga yín lọ mọ́.

Agogo mi ti ṣe tirẹ̀. Ó ku ẹsẹ̀ yín.