Bí Mo Ṣe Wá Eyínfúnjowó Ká Ìlú Lyon

Ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọn ìlú Lyon láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjọ́ náà ò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi wọ káà ilẹ̀. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n tó lè rí ìlú náà. Wọ́n á máa tẹ̀lé ẹni tó gbé agboòrùn sókè bí agbo àgùntàn. Èmi rí gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ n ò fẹ́ rí ọ̀kankan níbẹ̀.

Kí ọkọ mi tó kú, ó fún mi ní tẹ̀súbà rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi obìnrin tó wà nílẹ̀ Faransé ni kí o fún. Ọwọ́ sí ọwọ́ o, má fi rán ẹnikẹ́ni." Àmánà ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé n ó lọ, n ó lọ, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ pè mí pé òun ń kó ẹrù òun padà sí Nàìjíríà pátápátá, pé òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ òfuurufú òun máa gbéra. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù fún mi.

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Lewisham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí èmi náà wà, ní, "Mummy, ẹ ò lè dá lọ. Ẹ ò mọ̀wé, ẹ ò gbọ́ Faransé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi tí mo gbé ọgbà ilé ìjọba North Peckham kí wọ́n tó wó o? Níbi tí gbogbo afárá tó so ilé mọ́ ilé ti jọra, tí ọlọ́pàá pàápàá ń ṣìnà? Ṣé Lyon le ju ìyẹn lọ ni?" Ẹ ò rí ẹnu!

Nǹkan kan wà tó yẹ kí n là yé yín. Àbúrò ọkọ mi yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni. Mò ń kúnlẹ̀ kí i, mò ń sọ "ẹ" fún un, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Eyín rẹ̀ funfun nígbà náà, mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Inú kọ́ọ̀pù omi ni eyín ọ̀hún ń sùn báyìí, àmọ́ orúkọ ò kúrò. Òun náà, "Ìyàwó" ló ń pè mí láti ọjọ́ náà. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní tí mo bá ń sọ "wọ́n" fún un nínú ìwé, ẹ ò ní mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀, ni mo fi gbà kó kọ "ó". Ẹ má fẹjọ́ mi sùn.

Inú fóònù ni ọmọ mi kó gbogbo nǹkan sí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú wọ́n ní kí a pa fóònù, èmi ọmọlúwàbí pa á pátápátá. Nígbà tí mo tàn án nílẹ̀ Faransé, ó ní àfi kí n tẹ nọ́ńbà tó ń ṣí i. Nọ́ńbà wo? Ọmọ-ọmọ mi ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ nọ́ńbà ilé wa, mo tẹ ti bọ́ọ̀sì Lewisham, mo tẹ ọdún tí mo lọ Mẹ́kà. Fóònù ní ó tó gẹ́ẹ́, ó ti ara rẹ̀ pa.

Kò burú. A ti ṣàdéhùn pé ọkọ̀ ojú irin á já mi sí ibùdókọ̀ ńlá, Eyínfúnjowó á sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn gbàgbé láti sọ fún mi ni pé ibùdókọ̀ náà ní ẹnu ọ̀nà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo dúró níwájú fún wákàtí kan àtààbọ̀. Òun wà lẹ́yìn, ó ń bú mi.

Ọlọ́gbọ́n á dúró síbẹ̀. Èmi rántí pé ó máa ń sọ lórí fóònù pé, "Ìyàwó, láti fèrèsé mi ni mo ti ń rí ṣọ́ọ̀ṣì funfun orí òkè." Mo gbójú sókè, mo rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì funfun lórí rẹ̀. Alhamdulillahi! Mo ní ẹni tó ń rí ṣọ́ọ̀ṣì ò lè jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fa báàgì onítáyà mi, ó di ọ̀nà.

Mo gun afárá, mo sọdá odò ńlá kan, mo rò pé ó tán. Odò mìíràn tún wà níwájú. Ìlú mìíràn ń tọrọ odò kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn yìí ní méjì. Láàárín odò méjèèjì ni gbàgede kan wà, ilẹ̀ pupa, ó fẹ̀ bí pápá. Ère ọba kan wà láàárín rẹ̀ lórí ẹṣin. Mo bi í lọ́nà, kò dáhùn, ó mọ̀ pé èmi ń fẹsẹ̀ rìn. Mo dé àdúgbò àtijọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ há, níbi tí èèyàn ti ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọ inú ilé onílé kọjá sí òpópónà kejì. Ní Peckham, tí o bá gba inú ilé onílé kọjá, ọlọ́pàá ni yóò sìn ọ́ jáde. Níbẹ̀, fọ́tò ni wọ́n ń yà. Wọ́n ní kò sí ìlú tó mọ oúnjẹ ẹ́ sè tó Lyon. Mo gbà, torí gbogbo fèrèsé ilé oúnjẹ ni ẹlẹ́dẹ̀ ti ń kí mi. Bisikíìtì inú báàgì mi ni mo jẹ.

Ọkọ̀ kan tí wọ́n ń fi okùn irin fà ló gbé mi gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Àlájà ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Mo yíjú padà láti wo ilé Eyínfúnjowó. Yéè! Gbogbo ìlú ló wà nísàlẹ̀, òrùlé pupa lọ súà dé ibi tí ojú ò tó mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrèsé, kò sì sí ọ̀kan tí kò kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mo sọ fún un pé èèyàn mi ni mò ń wá. Ó ní, "Màdáàmù, ta lẹ̀ ń wá? Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ńkọ́?"

"Ìyàwó wọn ni mí. A kì í pè é."

"Ọdún mélòó lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn pa. Mo lè ki baba ńlá Eyínfúnjowó dé ìran keje, mo mọ ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà kan rí, àmọ́ ohun tí ẹnu ò bá pè, ọkàn náà á gbàgbé. Ọkọ mi gan-an, oríkì ló fi ń pè é. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Mo wo tẹ̀súbà, mo ronú òwúrọ̀ ọ̀la, omi lé sí mi lójú.

Ni nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo bi í pé, "Níbo ni wọ́n ti ń ta iṣu nílùú yín?" Torí mo mọ ara wa. Ìlú tí Yorùbá bá ń gbé, oníṣu ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó kọ orúkọ àdúgbò náà sínú ìwé fún mi, Guillotière, ó sì sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo jáde sílẹ̀, kí ni mo rí? Ṣọ́ọ̀bù onírun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ń pariwo pe ẹnì kejì lódìkejì títì. Rye Lane, ọjà Peckham wa, ni! Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo la odò méjì kọjá, mo gun òkè, kí n lè padà dé Rye Lane.

Ọmọ Sákẹ̀tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni oníṣu náà, ó gbọ́ Yorùbá. Mo ní, "Obìnrin pupa kan ni, ó ti lé lọ́gọ́ta, á bú èèyàn kó tó kí i."

Ó ní, "Ṣé èyí tó máa ń fi èékánná họ iṣu, tí á ní gbogbo rẹ̀ ti rà, tí á sì tún rà á?"

"Òun gan-an!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá síbí lónìí. Ó ní èèyàn òun sọnù. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀, ó ní Ìyàwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lòun sọ fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ní kóun lọ sinmi."

Mo jókòó sórí páálí iṣu. Oníṣu pè é lórí nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òpin títì.

"Ìyàwó! Wákàtí márùn-ún! Ṣé o fẹ́ kí n dèrò ọ̀run kí n tó dèrò ilé ni?"

Mo kúnlẹ̀ láàárín iṣu, eékún mi ké. "Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó." Mo mú tẹ̀súbà, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé èébú tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ka ìlẹ̀kẹ̀ bíi mẹ́ta, ó nu ojú, ó ní, "Dìde, iṣu ń wò wá."

Nígbà tí a délé rẹ̀, mo lọ sídìí fèrèsé. Òótọ́ ni, ó ń rí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tóbi ju kóró ṣúgà kan lọ. A bi ara wa léèrè orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù, kálukú sọ tirẹ̀, a wo ara wa bí àlejò, a sì fi í sílẹ̀ kíá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé àṣà dára, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà Lyon. Mo ti ní kí ọmọ-ọmọ mi gba orúkọ Eyínfúnjowó lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ó wà nínú báàgì mi. Ó fẹ́ kọ ọ́ síbí náà, mo gbá a lọ́wọ́. Ẹnu mi ò ní pè é. Tí mo bá tún sọnù, kí ọlọ́pàá kà á fúnra rẹ̀. Òun kì í ṣe ìyàwó ilé wa. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ara mi, eékún ń dùn mí.