Fèrèsé Ara Ṣòkòtò Sájẹ́ntì Yàkúbù

Tí ẹ bá dé Fante New Town ní Kumasi, tí ẹ gbọ́ bàtà kan tó ń dún kò-kò-kò bíi ti ẹṣin, ẹ má sá. Yàkúbù ni. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kí i ní "Sájẹ́ntì". Tí ẹ bá pè é ní Yàkúbù lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ó ní etí tí òun fi ń gbọ́ orúkọ yẹn ti kú sójú ogun Bọ́mà, níbi tí òyìnbó kó wọn lọ bá Japaní jà.

Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń ki ara ẹ̀: "Yàkúbù, Erin Bọ́mà! Afitan-gbọ̀bẹ! Ìjì tó já ewé orí Japaní!" Tí a bá ní ṣé èèyàn máa ń ki ara ẹ̀ ni, á ní a kì í dúró de aládùúgbò kó tó yinni. Tí aládùúgbò bá lọ oko ńkọ́?

Bóyá Sájẹ́ntì ni lóòótọ́, ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ níṣẹ́ ológun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "kúkù".

Èmi, télọ̀ ni mí. Sítáńdáàdì Túù ni ìwé mi dúró sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn itan èèyàn kò gbọdọ̀ ṣìṣirò. Ohun tí mo bá gbọ́, mo máa ń kọ iye ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n mi. Ìtàn ọgbẹ́ Yàkúbù, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo gbọ́ ọ lórí àga tó wà níwájú ẹ̀rọ mi.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1947, Japaní mẹ́ta ló yọ sí i nínú igbó, tí ọ̀kan fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un nítan òsì. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹfà, wọ́n ti di mẹ́sàn-án. Lọ́dún 1953, mọ́kànlélógún ni wọ́n, ọ̀kan sì gun ẹṣin.

Mo ní, "Sájẹ́ntì, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́ta ni wọ́n lákọ̀ọ́kọ́."

Ó ní, "Télọ̀, mẹ́ta ni mo rí. Àwọn yòókù sá pamọ́. Nígbà tí ogun parí ni mo tó mọ iye wọn."

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó lọ Bọ́mà ní tòótọ́, Táhírù káfíńtà. Ìka mẹ́ta ni kò sí lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé ìka ẹ̀ dà, á ní, "Wọ́n wà ní Bọ́mà." Ó tán. Á padà sídìí pákó ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá máà kọjá iwájú ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún 1955, Sàríkì, ìyẹn olórí àwa Yorùbá Kumasi, kú, àwọn àgbààgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa wé láwàní fún. Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán báyìí, Yàkúbù dìde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ dá láwàní yẹn dúró! Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó fẹ́ fi mẹ́dà sí mi láyà nítorí ọgbẹ́ mi. Ṣé aláìnímẹ́dà lẹ máa fi jẹ Sàríkì, kí àwọn Asante onílùú máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Àlùfáà Àgbà wò ó títí. "Yàkúbù, ogun parí láti bí ọdún mẹ́wàá. Níbo ni mẹ́dà náà ti ń bọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn?"

"Ọ̀nà ló jìn, bàbá."

"Ó dáa. A fún ẹ lóṣù mẹ́ta. Tí mẹ́dà bá dé, láwàní dé. Tí kò bá dé, a ó wá ẹlòmíì."

Láti ọjọ́ yẹn, Yàkúbù ò rìn mọ́, ńṣe ló ń yan. Orí ò tíì rí láwàní, ọrùn ti ń ṣe bí ẹni tó rù ú.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alfred lọ, ọmọ Fante tó máa ń bá wa kọ lẹ́tà lẹ́bàá títì. Alfred kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn sọ́jà àtijọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èsì dé: Kàpítẹ́ẹ̀nì òyìnbó kan ń bọ̀ ní Kumasi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Kí Yàkúbù mú àpá ọgbẹ́ wá, kó sì mú ẹlẹ́rìí kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti dé ọ̀dọ̀ mi.

"Télọ̀, ọgbọ́n wo la máa dá? Itan ni ọgbẹ́ yìí wà. Ṣé kí n wá bọ́ ṣòkòtò níwájú ìránṣẹ́ Ọbabìnrin?"

"Ẹ ká a sókè, sà."

"Akọni kì í ká ṣòkòtò! Ṣe fèrèsé sí i."

Bí mo ṣe ṣe fèrèsé sí ṣòkòtò nìyẹn, èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún méjìlélógún. Kákí ni ṣòkòtò náà. Fèrèsé wà lẹ́sẹ̀ òsì, ínṣì méje sí márùn-ún, bọ́tìnì mẹ́rin. Ó ní kí n fi aṣọ pupa gbá etí ẹ̀, kí ojú òyìnbó má bàa ṣìnà. Mo wọn àpá náà pẹ̀lú: ínṣì kan àtààbọ̀, ó rí roboto, ó jìn sínú.

Mo ní, "Sájẹ́ntì, ṣé ojú ọ̀bẹ máa ń rí roboto ni?"

"Ọ̀bẹ àwọn Japaní yàtọ̀."

Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Ó wọ́ mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Táhírù.

"Táhírù, ọmọ ìyá mi, wá jẹ́rìí fún mi."

"Kí ni mo rí?"

"O rí mi lọ́jọ́ tí wọ́n gún mi."

Táhírù ò gbójú sókè lórí pákó. "Ìdí ìkòkò ẹ̀wà ni mo ti rí ẹ. Láti ibi ìkòkò yẹn dé ibi tí a ti ń jà, máìlì mẹ́rìnlá ni. Ẹ̀wà ẹ máa ń tutù kó tó kàn wá."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà?"

"Èmi ni. Wọ́n máa gbé Kùránì fún mi, Yàkúbù. Wallahi, ìka méje ló kù mí lọ́wọ́. Mi ò ní fi wọ́n búra èké."

Yàkúbù tutọ́ sílẹ̀. "Ìlara ń pa ọ́ kú lọ!" Ó sì jáde.

Alfred ló yọ ọ́. Ó ní tí ò bá sí sọ́jà ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, tó sì lè búra pé ara ẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tó ń lọ sógun, á tó. Lójú ẹsẹ̀, Yàkúbù rántí Ìyá Sàwúdátù.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti dolóògbé ni obìnrin yìí. Àlùbọ́sà ló ń tà ní àdúgbò Tafo, kì í parọ́, kì í jà, gbogbo ayé ló gbà á gbọ́. Yàkúbù ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni. Ó ní òyìnbó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn sọ́jà àtijọ́ wà ní àlàáfíà. Iwájú mi ló ti kọ́ ọ lọ́rọ̀.

"Ìyàwó, tí wọ́n bá bi ọ́ bí ara mi ṣe rí nígbà tí mò ń lọ, kí lo máa wí?"

"Màá ní ara yín le bí òkúta, ọkọ mi. Ẹ lọ, ẹ bọ̀."

"Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

"Yoo, mo ti gbọ́, ọkọ mi."

Ìgbà márùn-ún ló mú un sọ ọ́. Mo kà á.

Tọ́sìdeè pé. Lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ìpàdé àwọn sọ́jà àtijọ́, èrò pọ̀ bí eéṣú. Àwọn àgbààgbà wa jókòó níwájú. Láwàní wà lórí ẹsẹ̀ Àlùfáà Àgbà, aṣọ funfun, yáàdì mẹ́sàn-án gbáko. Èmi ni mo gé e.

Yàkúbù dìde, ó gbọ́wọ́ síwájú orí kí òyìnbó bíi sọ́jà, ó sọ ìtàn náà. Èyí ṣìkejìdínlógún. Àwọn Japaní ti di ogójì.

Alfred ń túmọ̀. Kàpítẹ́ẹ̀nì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀bẹ, Yàkúbù tú bọ́tìnì kìíní, ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta, ó tú ẹ̀kẹrin. Ó ṣí fèrèsé.

"Ei!" ni gbogbo èrò pariwo. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi gíláàsì wò ó bí ẹni ń wo inú kànga. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Mo rí Àlùfáà Àgbà tó ti ń tú láwàní díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n pe Ìyá Sàwúdátù. Ó gbọ́wọ́ lé Kùránì, ó búra. Twi, èdè àwọn Asante, ló ń sọ, nítorí Kumasi níbí ni wọ́n bí i sí, Alfred sì ń yí i sí gẹ̀ẹ́sì.

Kàpítẹ́ẹ̀nì ní, "Màmá, ta ni ọkùnrin yìí sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

Òyìnbó kọjú sí Yàkúbù. "Ìyàwó ẹ ni?"

"Rárá o, sà! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni."

Òyìnbó gbé kálàmù sílẹ̀. Alfred ní, "Sà, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí, gbogbo ilé ọkọ ni ọkọ."

"Gbogbo ilé?"

"Gbogbo wọn, sà. Títí kan ọmọ ọwọ́."

Kàpítẹ́ẹ̀nì nu ojú. "Mi ò lè kọ 'ọkọ' sínú ìwé Ọbabìnrin. Ní kó sọ orúkọ ẹ̀. Kí ló máa ń pè é?"

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Orúkọ tí òun fúnra ẹ̀ sọ wọ́n lọ́dún tó wọlé ló máa ń pè wọ́n: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé, ohun tó bá ṣáà rí lára kálukú. Inú ilé ni orúkọ náà máa ń wà. Níta, "ọkọ mi" náà ni. Yàkúbù kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ, ó gbàgbé èyí.

Òógùn bo Yàkúbù. "Sà, orúkọ mi wà nínú ìwé!"

"Òun ni mo bi."

Ìyá Sàwúdátù fi gèlè bo ẹnu, ojú ń tì í. "Abágbòkàn," ló wí.

Alfred ò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí èrò. "Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

Àríkẹ́ tó ń ta ẹ̀kọ ló kígbe ní Twi láti ẹ̀yìn, "Odwennini! Ó ní ẹni tó bá àgbò kàn!"

Òyìnbó ní, "Àgbò wo?"

Alfred bi í. Inú Ìyá Sàwúdátù dùn pé wọ́n bi òun.

"Àgbò Iléyá ni, Papa. Ọdún tí mo wọlé. Ọkọ mi yìí fẹ́ fi han èmi ìyàwó tuntun pé òun lágbára, ó lọ di àgbò mú níwo. Àgbò ò mọ̀ pé fáàrí ló ń ṣe. Ó kàn án nítan òsì, ó gbé e sọ sínú agbada omi. Èmi ni mo fi omi gbígbóná jó o fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún." Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Àpá ẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ṣáà ti rí i."

Ó wá rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó gbóhùn sókè dáadáa: "Ṣùgbọ́n ara ẹ̀ le bí òkúta nígbà tó ń lọ sógun. Ó lọ, ó bọ̀."

Ọdún tó wọlé, 1931 ni. Ọdún méjìlá gbáko ṣáájú kí Yàkúbù tó wọkọ̀ ojú omi.

Ẹnì kan ní "mbèéè!" lábẹ́ máńgòrò, ni ẹ̀rín bá bú. Àwọn kan dì mọ́ igi. Táhírù tó wà lẹ́yìn gbogbo èrò fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.

Kàpítẹ́ẹ̀nì ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà kan gbọọrọ lórí ìwé ẹ̀. "Alfred, bi í fún mi: ogójì yẹn, ṣé àgbò ni gbogbo wọn?"

Àlùfáà Àgbà ti ń ká láwàní padà, ìṣẹ́po kan, ìṣẹ́po kejì.

Yàkúbù sáré lọ bá a. "Bàbá, ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!"

"Yàkúbù, èèyàn là ń wá olórí fún. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ olórí àgbò, a ó ránṣẹ́ sí ẹ."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé láwàní wọn lọ.

Ni Yàkúbù bá kọjú ìjà sí obìnrin. "Ìyàwó! Kí ni mo ṣe fún ẹ? Yàkúbù lásánlàsàn, ṣé ẹnu ẹ ò lè pè é lẹ́ẹ̀kan péré?"

Ìyá Sàwúdátù di etí méjèèjì. "Áà! Kí n pe orúkọ ọkọ mi ní gbangba, níwájú òyìnbó? Ọlọ́run má jẹ́ n di aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Ó rí i pé inú bí i gan-an, ó bá kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ àgbò yẹn ò yẹ kó ṣì máa dùn yín. Ṣebí wọ́n pa á lọ́jọ́ náà? Itan òsì ẹ̀ gan-an ni mo bù fún yín, mo ní kí ẹ fi gbẹ̀san. Ẹ jẹ ẹ́ tán pátá, ẹ tún fa mùdùnmúdùn eegun ẹ̀."