Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo jókòó sórí àga kékeré kan ní Reinickendorf, nílùú Berlin, tí obìnrin kan tó mú káàdì àwòrán lọ́wọ́ ń yọjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọmọ tí òun ń retí fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Hamburg la ń gbé tẹ́lẹ̀, ní Rothenburgsort, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí nítòsí èbúté. Nínú ìjọ Aládùúrà wa níbẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń gbé lẹ́tà Jẹ́mánì wá bá. Bí ìsìn bá ti parí báyìí, àwọn àgbàlagbà á tò síwájú mi pẹ̀lú àpò ìwé, èmi náà á wọ awò ojú mi, n ó wúkọ́ díẹ̀, n ó ní, "Ẹ má dààmú, wọn ò bínú sí yín." Ká sòótọ́, ìdajì ohun tí mo ń sọ, àbá ni mò ń dá. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn, ó sì ti gùn mí lórí.

Nígbà tí a kó lọ sí Berlin nítorí iṣẹ́ mi, ìyàwó mi rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wá irú rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ Ajé tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ibi tí Ìrètí, ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún mẹ́rin, á máa wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kita ni wọ́n ń pe jẹ́léósinmi níbẹ̀, wọn kì í sì í gba ọmọ láìsí Gutschein, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé àwọn ló máa gbọ́ bùkátà ìtọ́jú ọmọ náà, àti iye wákàtí tó lè lò lóòjọ́. Bí bàbá àti ìyá bá ń ṣiṣẹ́, wákàtí á pọ̀ sí i. Fọ́ọ̀mù la máa kọ́kọ́ kọ.

Alhaja Kúdírátù, ará Ìṣẹ́yìn tó ń gbé lókè wa, ti kọ irú fọ́ọ̀mù yẹn fún ọmọ mẹ́rin. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìrètí, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Alhaja, kí wọ́n bá wa wò ó."

"Èmi?" ni mo dáhùn. "Èmi tí gbogbo Hamburg ń gbé lẹ́tà wá bá?"

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù náà bí adájọ́. Àpótí àkọ́kọ́ béèrè orúkọ. Mo kọ orúkọ mi, mo fi ti bàbá mi tì í, gàdàgbà gàdàgbà. Ẹni tó bá ka àkọlé tó wà lókè ibẹ̀ ì bá ti rí i pé orúkọ ọmọ ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n èmi kì í ka àkọlé. Lójú tèmi, àwọn tí kò gbédè ló ń kà á. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí ọmọ. Ìyẹn yé mi, mo kọ ti Ìrètí. Wọ́n tún ní kí n sọ díẹ̀ nípa ìṣesí ọmọ náà. Mo kọ ọ́ pé ó máa ń sùn lọ́sàn-án, pé kì í jẹ kárọ́ọ̀tì, pé ó sì máa ń sunkún bí ìyá rẹ̀ bá jáde. Mo buwọ́ lù ú, mo fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ìyàwó mi ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni èsì dé. "Ẹ̀yin òbí" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, orúkọ mi ló sì tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi wò ó títí.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí àwọn òbí yín?"

Mo ní ọ̀wọ̀ ni. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ará ibí mọyì ìdílé, pé bí wọ́n bá rí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù dáadáa, wọ́n á kí àwọn tó bí i. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti kú, inú mi sì dùn pé ẹnìkan rántí wọn. Lẹ́tà náà pè wá fún ìdánwò èdè ní Kita kan tí kò jìnnà sílé wa, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Mo ní ó dájú pé òbí ni wọ́n fẹ́ dán wò. Mo wọ súùtù tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi ìkórè, mo fi Ìrètí sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ọmọ dí mi lọ́wọ́.

Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀, gbogbo àga ibẹ̀ kò ga ju orúnkún mi lọ. Mo wá èyí tó lápá, mo fún ara mi sínú rẹ̀. Obìnrin náà wọlé pẹ̀lú káàdì àwòrán àti ọmọláńgidi kan. A rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wa. Ó wo ilẹ̀kùn. Èmi náà wo ilẹ̀kùn.

"Ṣé ọmọ náà ń bọ̀?" ló bi mí.

"Ọmọ wo?"

Ó ka orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Mo ní, "Èmi nìyẹn."

Ó tún wo ìwé. "Ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Mo rò pé ó ń béèrè ọjọ́ orí ọmọ tí mo fẹ́ fi síbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó máa ń sùn lọ́sàn-án?"

Nítorí orúkọ mi tó kà, mo rò pé èmi àti iṣẹ́ mi ló ń béèrè. "Bí mo bá ṣiṣẹ́ mọ́jú nìkan ni."

Ó rọra kà á jáde fún mi: "Ó máa ń sunkún bí ìyá rẹ̀ bá jáde."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ó yí ìwé náà sí mi, mo rí orúkọ mi gàdàgbà lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "ọmọ" sí. Mo dìde láti tọrọ àforíjì, àga bá mi dìde. Mo fi ọwọ́ tì í, kò lọ. Obìnrin náà pe akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀kan di apá mi mú, ọ̀kan fa àga. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń tò kọjá lọ síbi ìṣeré, gbogbo wọn sì dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni bàbá náà máa wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n nu omi ẹ̀rín lójú tán, obìnrin náà ràn mí lọ́wọ́. Ó ní ọmọ tí kò tíì lọ Kita rí ni wọ́n ń dán èdè rẹ̀ wò, pé bí ọmọ mi bá ti lọ Kita ní Hamburg, kí n gba lẹ́tà ẹ̀rí níbẹ̀, kò ní nílò ìdánwò kankan, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Mo béèrè bóyá Gutschein lè jáde kó tó di ọjọ́ Ajé. Ó mi orí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwa méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní ìwé àyẹ̀wò ara tó fẹ́ gbà fún iṣẹ́ náà, nítorí náà èmi àti Ìrètí la jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Hamburg. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀gá Kita tí Ìrètí ń lọ tẹ́lẹ̀ ní Rothenburgsort fi kọ lẹ́tà. Ìrètí ló fẹ́ pa mí. Mo ní, "Ìrètí, ó yá, ká lọ," ó fi Jẹ́mánì dá mi lóhùn pé òun ò lọ, òun ń bá ọ̀rẹ́ òun ṣeré. Lẹ́yìn náà ló fi Jẹ́mánì kan náà, tó já gaara ju tèmi lọ, sọ fún gbogbo ilé pé bàbá òun fẹ́ wọ Kita ní Berlin ṣùgbọ́n àga kò gba ìdí rẹ̀. Ó ti gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ròyìn fún Alhaja.

Ta ló dúró lẹ́yìn mi tó wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀? Ìyá Ìjọ wa àtijọ́ ni.

"Ọmọ mi, ṣé òótọ́ lohun tí ọmọ yìí ń sọ?"

"Àṣìṣe fọ́ọ̀mù ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí títí. "Lẹ́tà tó o kà fún mi lọ́jọ́ kan, tó o ní kí n jù nù ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń de bàtà Ìrètí. Wọ́n ní, "Mo kúkú fi han ọmọ mi obìnrin. Dókítà ojú ló ń pè mí." Wọn ò bínú, wọ́n tún gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n títí tí bọ́ọ̀sì fi dé Berlin, ojú wọn ni mò ń rò.

Ní Àbámẹ́ta, mo gun òkè lọ bá Alhaja fúnra mi. Wọ́n tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, wọ́n fi ìka sábẹ́ àkọlé àkọ́kọ́.

"Bàbá Ìrètí, kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Orúkọ ọmọ."

"Ta ni ọmọ?"

"Ìrètí ni, mà."

"Ẹ kọ ọ́."

Báyìí la ṣe títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹrin. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, nítorí mo gba ìsinmi ọdún mi, mo fi jókòó ti Ìrètí títí Gutschein fi dé. Ìsinmi tí mo ti tọ́jú láti fi lọ kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ohun tí ìgbéraga gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, kì í ṣe ìtìjú orí àga nìkan. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé lẹ́tà tí kò yé mi wá, mo máa ń sọ pé kò yé mi. Ó kọ́kọ́ korò lẹ́nu. Ó ti ń rọrùn báyìí.

Nígbà tí mo pe Màámi láti sọ ìdí tí mi ò fi ní lè wá, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa imú. Mo rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun, àṣé ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

"Ṣé wọ́n wá gbà ọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ìrètí ni wọ́n gbà, mà."

"Ó mà ṣe o. Ìwọ gan-an ló yẹ kó padà síbẹ̀."

Mo bá wọn rín in.